Bí Ọmọ Kọ̀ǹpútà Yín Bá Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Lọ́la: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ti Ṣe Kí Ọjọ́ Náà Tó Dé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọlọ́jà àti ọ̀gá iléeṣẹ́ ń bi mí ṣáá l'Óṣogbo níbí, ìbáà jẹ́ ní Òkè-Fìà la ti pàdé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìgbọ̀nà: “Ọmọ kan ṣoṣo ló mọ gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wa. Bó bá lọ ńkọ́?” Wọn kì í sábà béèrè rẹ̀ títí tí ọmọ náà á fi gba ìwé ìrìnnà.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ gba orúkọ padà kí ẹ tó gba ìmọ̀. Ìmọ̀ ṣeé fi owó rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí síìmù, ímeèlì àti dòméènì (orúkọ wẹ́bùsáìtì, bí èyí tó parí sí .com) iṣẹ́ yín bá wà lórúkọ ẹni tó ti lọ, bó ti wù kí onímọ̀ tí ẹ gbé wá mọṣẹ́ tó, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.

Iléeṣẹ́ kékeré ni mo kọ èyí fún: ilé ìtajà, ilé ìwé, ilé ìtẹ̀wé, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn aládàáni. Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní bí ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ ní ọjọ́ méjì á bà á jẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan: ẹ bá a sọ̀rọ̀

Kí ọ̀gá máa yọ́ kẹ́lẹ́ wá páásíwọ́ọ̀dù kiri ni àṣìṣe tó burú jù. Ọmọ náà á fura, á rò pé wọ́n fẹ́ lé òun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ míì. Ohun tí ẹ ń sá fún gan-an lẹ fi ọwọ́ ara yín fà wálé.

Èmi náà ti ṣe ọmọ kọ̀ǹpútà rí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́ nítorí pírìńtà. Ìpè kẹta bọ́ sí ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi. Kí n má purọ́, orí mi wú pé wọn ò lè ṣe é láìsí mi. Ìyàwó mi ni inú rẹ̀ ò dùn. Nítorí náà, ẹ má sọ pé “a fẹ́ mọ ohun tí ò ń ṣe.” Ẹ sọ ọ́ báyìí:

“Àbúrò, a fẹ́ kí o lè gba ìsinmi kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́. Ohun tó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́, a fẹ́ kọ ọ́ sórúkọ iléeṣẹ́. Ìwọ lo máa darí iṣẹ́ náà, a ó sì máa fi wákàtí 2 sílẹ̀ fún ọ ní gbogbo Ọjọ́rú.”

Bó bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ fi ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ̀gbọ́n sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kí ẹ sì mú ìlérí wákàtí 2 yẹn ṣẹ. Bí ẹ bá kó iṣẹ́ yìí lé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò, kò ní parí láéláé. Bí apá yín bá ká a, ẹ fi nǹkan díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀ fún àsìkò náà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo bí ihò náà ti jìn tó

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí sínú ìwé láìpe ọmọ náà. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ “òun nìkan ló mọ̀,” ẹ fàmì sí i.

☐ 1. Orúkọ ta ló wà lórí síìmù tí àwọn oníbàárà fi ń pè wá?
☐ 2. Ímeèlì wo la fi ra dòméènì wẹ́bùsáìtì wa? Ọjọ́ wo ló máa parí?
☐ 3. Fóònù ta ni OTP (nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kí a tó lè wọlé) ń wọlé sí?
☐ 4. Bí IBEDC bá mú iná lọ tí ínfátà sì kú, kí la máa kọ́kọ́ tàn padà, kí ló tẹ̀ lé e?
☐ 5. Níbo ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè wà? Ta ló ti ṣí i wò?
☐ 6. Káàdì báǹkì ta la fi ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì?
☐ 7. Ta ló lè yọ òṣìṣẹ́ tó ti lọ kúrò lórí ẹ̀rọ?
☐ 8. Ta ló mọ páásíwọ́ọ̀dù àpótí kámẹ́rà?

Àmì 1 péré lórí ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ burú ju àmì 5 lórí ìyókù lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gba orúkọ padà, bó ṣe tò yìí

Bó ṣe tò ṣe pàtàkì, nítorí èyí tó ṣáájú la fi ń gba èyí tó tẹ̀ lé e. Síìmù ló ń gba OTP ímeèlì. Ímeèlì la fi ń wọ dòméènì. Dòméènì ló gbé wẹ́bùsáìtì àti ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ ró. Ẹ má fò kankan.

1. *Síìmù.* NIN ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló so mọ́ síìmù. Bó bá sọnù, ẹni náà gan-an ni wọ́n máa ní kó wá fojú hàn kí wọ́n tó gbé òmíràn jáde. Ilé ìtajà kan wà tí mo lọ bá ṣiṣẹ́: ọmọ wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánádà ní Ọjọ́ Ẹtì, síìmù wà lápò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó lè ṣí àkọsílẹ̀ ọjà mọ́, torí OTP ń wọlé sí fóònù tó wà lókè òkun. Ọmọ náà kò ṣe ibi kankan, ó kàn gbàgbé ni. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù náà pẹ̀lú ọmọ náà àti ìwé CAC yín, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí síìmù náà wà lórúkọ iléeṣẹ́ tàbí ti ọ̀gá. Bó bá fẹ́ pẹ́, ẹ ra síìmù tuntun, kí ẹ yí nọ́ńbà lórí gbogbo àkáǹtì sí ti tuntun náà. Kí síìmù yìí máa gbé inú fóònù kékeré kan tí kì í kúrò ní ọ́fíìsì.

2. *Ímeèlì olórí.* Ẹ ṣí àdírẹ́sì tí kì í ṣe ti ènìyàn kankan, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ nìkan, kí ẹ fi nọ́ńbà síìmù òkè yẹn dáàbò bò ó. Bó bá jẹ́ Google Workspace tàbí Microsoft 365 (ètò ímeèlì fún iléeṣẹ́) lẹ ń lò, kí ẹni tó ní agbára admin pátápátá, ìyẹn agbára láti yí ohun gbogbo padà níbẹ̀, jẹ́ 2 ó kéré tán, kó má sì tó 5. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, bí kò tilẹ̀ ní wọlé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

3. *Dòméènì.* Ẹ wọlé sí àkáǹtì níbi tí ẹ ti rà á, kí ẹ yí orúkọ olóhun sí ti iléeṣẹ́ àti ímeèlì sí ti olórí. Bó bá jẹ́ inú àkáǹtì ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló wà pẹ̀lú ti àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn, ẹ ṣí àkáǹtì tiyín, kí ó sì gbé e wá síbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára kàlẹ́ńdà ògiri. Kì í ṣe eré o: dòméènì .com tí wọ́n bá ti pa rẹ́ nítorí àìsanwó, 30 ọjọ́ péré lẹ fi lè rà á padà, owó gọbọi sì ni. Lẹ́yìn ọjọ́ 5 mìíràn, ó ti di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀.

4. *WhatsApp, Facebook, àti orúkọ yín lórí Google Map.* WhatsApp ní PIN onínọ́ńbà 6. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ímeèlì olórí sí i. Lórí Facebook àti Google, ẹ fi ọ̀gá kún àwọn tó ní agbára pípé. Ìṣẹ́jú 10 ni gbogbo rẹ̀.

5. *Kọ̀ǹpútà fúnra wọn.* Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ọ̀pọ̀ Windows ń fi BitLocker, àgádágodo tó ń ti ohun inú kọ̀ǹpútà pa, ti ara rẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ onínọ́ńbà 48, inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà náà ló sì sábà máa ń wà. Bí ẹ̀rọ bá dédé béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí àkáǹtì náà jẹ́ ti ẹni tó ti lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ṣègbé. Ẹ tẹ nọ́ńbà 48 ti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan síwèé.

6. *Ohun gbogbo tó ń gba owó lára káàdì.* Ẹ yí i sí káàdì iléeṣẹ́. Bí ọmọ náà bá ti ń fi owó tirẹ̀ san án, ẹ dá a padà fún un lọ́jọ́ náà.

*Ìkìlọ̀:* ẹ má pa àkáǹtì àtijọ́ kankan rẹ́ títí tí tuntun á fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tí páásíwọ́ọ̀dù ń gbé

Kì í ṣe orí, kì í ṣe ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, kì í sì í ṣe gúrúùpù WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́. Áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù ni kí ẹ lò: Bitwarden bí ẹ bá fẹ́ kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí KeePass bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ fáìlì kan lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹni méjì lè ṣí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àpòòwé kan. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀:

☐ Páásíwọ́ọ̀dù tó ń ṣí Bitwarden tàbí KeePass náà
☐ Nọ́ńbà àpamọ́ Google, tí a fi ń wọlé bí fóònù kò bá sí lọ́wọ́: 10 ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ onínọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́
☐ PIN WhatsApp
☐ Àwọn nọ́ńbà BitLocker
☐ Páásíwọ́ọ̀dù ráútà àti ti àpótí kámẹ́rà

Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí ẹni méjì buwọ́ lu ojú ibi tí ẹ lẹ̀, kó sì wà níbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa tú u, kí ẹ fi tuntun rọ́pò.

Ọgbọ́n kékeré kan: nígbà tí ẹ bá ń ṣètò Google Authenticator (áàpù tó ń mú nọ́ńbà ìwọlé jáde lórí fóònù), àwòrán onígun mẹ́rin tó máa jáde, ẹ fi fóònù méjì yà á lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Fóònù méjèèjì á máa mú nọ́ńbà kan náà jáde. Ọ̀kan ti ọmọ náà, ọ̀kan ti ọ́fíìsì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa kọ ọ́

Ìlú aró ni Òṣogbo. Ìyá aláró a máa fi ahọ́n tọ́ aró wò kó tó gbà pé ó tó rẹ aṣọ. Kò sí bó ṣe lè kọ ìtọ́wò yẹn sínú ìwé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní láti dúró tì í, kí aró náà kan ahọ́n tirẹ̀. Apá kan wà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí tó ṣeé kọ, ẹ kọ ọ́. Èyí tí kò ṣeé kọ, ẹ fi ènìyàn tì í.

Bí ẹ ó ṣe kọ èyí tó ṣeé kọ nìyí:

1. Iṣẹ́ kan, ojú ìwé kan. Bó bá ju ojú ìwé kan lọ, iṣẹ́ méjì ni.
2. Ẹ fi ìṣòro ṣe àkọlé: “Bí pírìńtà rìsíìtì kò bá tẹ̀ mọ́.” Akọ̀wé tí jìnnìjìnnì ti bò nítorí oníbàárà tó dúró dè é kò ní wá “Ètò àwọn ẹ̀rọ” lọ.
3. Ọmọ náà á máa ṣe é, ẹlòmíràn á máa kọ ọ́. Ẹni tó mọ nǹkan dáadáa ló máa ń fo ìlà. Ó máa kọ “wọ ráútà,” kò ní kọ pé wáyà kan wà tó gbọ́dọ̀ yọ ná.
4. Ẹ fún ẹni kẹta ní ojú ìwé náà, kó fi ṣe é. Kí ọmọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó pa ẹnu mọ́. Ibi tí ẹni kẹta bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ.
5. Ẹ kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn 5 yìí: bí a ṣe ń ti ìwé ọjọ́ náà nírọ̀lẹ́, bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ padà lẹ́yìn tí iná bá lọ, bí a ṣe ń fi òṣìṣẹ́ kún ẹ̀rọ tàbí yọ ọ́, ẹni tí a ń pè bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú, bí a ṣe ń gbé àkọsílẹ̀ padà láti inú ẹ̀dà. Èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń sọ ni kí ẹ fi kọ ọ́. Mo ti rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì gbẹndẹkẹ ojú ìwé 40 tí kò sẹ́ni tó ṣí i rí, àfi ẹni tó kọ ọ́.

Fún èyí tí kò ṣeé kọ, ẹ fi fóònù ya fídíò ojú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 5 bó ṣe ń ṣe é, kó máa sọ ìdí tó fi ń tẹ ohun tó ń tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọwọ́ kejì

Kò pọn dandan kí ẹ gba òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà kejì. Owó tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní nìyẹn. Bí a ò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ yan ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- *Akọ̀wé tàbí akápò tó ti wà nílé.* Òun ni mo fẹ́ràn jù. Kò ní mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé 5 yẹn á tó o. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni kó máa jókòó ti ọmọ náà.
- *Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìta.* Ẹ bá a dá owó oṣù kékeré kan, kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó mọ ilé náà. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí á kọ́kọ́ fi ọjọ́ 2 wá ibi tí ráútà wà.
- *Ìwọ àti aládùúgbò.* Ṣọ́ọ̀bù méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́, tí kọ̀ọ̀kan ní ọmọ kọ̀ǹpútà, lè jẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ iṣẹ́ ara wọn. Ẹ kọ ọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ oníbàárà kò gbọ́dọ̀ jáde.
- *Àgùnbánirọ̀.* Ẹ ṣọ́ra. Ọdún kan ló ní, ó sì máa lọ. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ ṣí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òun ló dára jù láti jẹ́ “ẹni kẹta” inú Ìgbésẹ̀ 4, torí kò mọ ohunkóhun nípa ilé náà, ojú rẹ̀ sì mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìlà mẹ́ta kún ìwé ìgbanisíṣẹ́: pé oṣù kan ni ìkìlọ̀ kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà tó lọ, pé á fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láàárín oṣù náà, pé ohun tó bá kọ tàbí ṣí fún iléeṣẹ́, ti iléeṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wò ó.

Ẹ̀dà

Kíákíá: ẹ̀dà 3, lórí oríṣi nǹkan 2, kí 1 wà níta ilé náà. Fláàṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, olè kan náà ló máa gbé méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọwọ́ kejì yẹn ṣí fáìlì kan láti inú ẹ̀dà. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí wò rí, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fún un ní ìsinmi, ìsinmi gidi

Ibí ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe nǹkan kan.

1. Ẹ mú ọjọ́ iṣẹ́ 5 tí iṣẹ́ kò pọ̀. Bí òtẹ́ẹ̀lì lẹ ní, ẹ má mú ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ o. Nígbà tí àlejò kún ilé, ìdánwò kọ́ nìyẹn, ìyà ni.
2. Ẹ sọ fún gbogbo ènìyàn pé wọn ò gbọ́dọ̀ pè é. Ọ̀gá ni kí ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún.
3. Ohunkóhun tó bá di wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ tàbí bí wọn ò ṣe yanjú rẹ̀.
4. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pè é nígbẹ̀yìn, ẹ má bínú. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè é ni ojú ìwé tí ẹ máa kọ tẹ̀ lé e.

Ìgbà àkọ́kọ́ kì í lọ geere. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Kí ẹ gba gbogbo páásíwọ́ọ̀dù, kí ọ̀gá wá fi wọ́n sórí fóònù tirẹ̀ nìkan. Ẹ kàn gbé ìṣòro náà láti orí ẹnìkan sí orí ẹlòmíràn ni, àgbàlagbà tó máa ń sọ fóònù nù sì ni.

Kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lo páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá lọ, ẹ ò mọ ẹni tó ṣe kí ni, ẹ ò sì lè yọ ọ́ kúrò láìdí gbogbo ilé lọ́wọ́.

Kí ẹ ṣe gbogbo èyí, kí ẹ wá dín owó ọmọ náà kù torí pé “a ti mọ̀ ọ́n ṣe.” Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá ti lọ ná ńkọ́?

Bóyá ìjà ni, bóyá ó kàn fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é báyìí, ní títẹ̀léra:

1. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó, ẹ san án lónìí. Lẹ́yìn náà kí ẹni tí wọ́n jọ mọwọ́ ara wọn pè é, kì í ṣe ọ̀gá tó bá jà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ yìí parí sórí ìpè kan.
2. Ẹ má pa kọ̀ǹpútà tó ń lò, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má jáde kúrò nínú ohunkóhun tó ṣí sílẹ̀. Bí ímeèlì bá ṣì ṣí níbẹ̀, àǹfààní tó kù nìyẹn: ẹ yí nọ́ńbà ìgbàpadà sí tiyín, lẹ́yìn náà páásíwọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ẹ yọ àwọn ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀.
3. Ẹ kọ̀wé sí ibi tí ẹ ti ra dòméènì, pẹ̀lú ìwé CAC àti rìsíìtì owó tí ẹ ti san.
4. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù ráútà, kámẹ́rà àti báǹkì, ní ọjọ́ kan náà.
5. Bí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà bá bá a lọ, tó sì lè pa wọ́n lára, ẹ rántí pé òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti jẹ́ kí NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, mọ̀, láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀.
6. WhatsApp ló máa ń pẹ́ jù. Bí WhatsApp bá ṣì ṣí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yára kó orúkọ àwọn oníbàárà sílẹ̀, nítorí bí wọn ò bá lo fóònù tó ni àkáǹtì náà fún ọjọ́ 14, kọ̀ǹpútà á já. Bí síìmù bá wà lọ́wọ́ yín ṣùgbọ́n tí ẹ ò mọ PIN, tí kò sì sí ímeèlì lórí rẹ̀, ọjọ́ 7 ni ẹ ó dúró kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Ẹ kọ nọ́ńbà mìíràn sí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù títí ọjọ́ náà á fi pé.